Ẹ́ńjìnnì Tó Mọ́ Jù Létí Ọ̀sà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi le, ìtọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí omi máa ń tú jáde bó bá ti ń ṣiṣẹ́. Omi ọ̀sà náà ni. Ẹ́ńjìnnì á fà á láti ìsàlẹ̀, á gbé e yí gbogbo ara rẹ̀ ká kí ooru má bàa pa á, á wá tú u síta. Àwọn ọlọ́kọ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n lórí èyí. "Ó ń tọ̀," ni wọ́n máa ń wí, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ọkàn Adéòjó kò balẹ̀ rárá láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ó ti bojú wẹ̀yìn wo ihò náà títí ọrùn fi ń dùn ún, nítorí ìtọ̀ tó yẹ kó máa ta jáde gbọọrọ ti di omi tó ń kán tó, tó, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò tì dáadáa. Nígbà tó yá, kò kán mọ́.

Ó pa ẹ́ńjìnnì náà kíákíá kó tó pa ara rẹ̀. Èéfín rú jáde lábẹ́ ìdérí, ọkọ̀ sì dúró láàárín ọ̀sà, Ìkòròdú ti jìnnà sẹ́yìn, Ẹ̀pẹ́ kò sì tíì hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó ń gbé lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ nínú jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ìyá Lateefat, olórí wọn, tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ohùn tútù ló fi sọ fún Adéòjó pé òun ò bá a jà o, pé ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n tí àwọn bá ti lè dé Ẹ̀pẹ́ lónìí, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn máa wọ̀ padà. Ì bá sàn fún Adéòjó ká ní ó pariwo mọ́ ọn.

Kì í kúkú ṣe pé kò tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní èbúté Ìkòròdú, wọ́n á sọ fún yín pé kò sí ẹ́ńjìnnì tó mọ́ tó ti Adéòjó. Ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò ojúoró ló máa ń gbẹ mọ́ ti àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù lára. Tirẹ̀ ń dán. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà sókè kúrò nínú omi, tí yóò fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ìbílẹ̀ bó o láti òkè délẹ̀, bí ìgbà tí ìyá àgbà ń wẹ ọmọ tuntun. Ìgbẹ́tì ló ti wá, láàárín òkúta, ọ̀kadà bàbá rẹ̀ ló sì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀kadà náà sùn láìwẹ̀, ọ̀kadà náà sì pẹ́ láyé ju ọ̀pọ̀ aládùúgbò lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì yìí kọ́kọ́ gbóná, ohun tí Adéòjó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe: ó wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tún gbóná, ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa sí i.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ẹ̀pẹ́, ló ni ín. Ẹ́ńjìnnì fọ́tì ni, èyí tó ní agbára ogójì ẹṣin, ti àtijọ́, irú èyí tí wọn kì í ṣe mọ́. Òun ni bàbá náà fi pa ẹja tó fi tọ́ Rodiat, ìyàwó Adéòjó, àti àwọn àbúrò rẹ̀ dàgbà. Nígbà tí ìbàdí kò jẹ́ kó lè wakọ̀ mọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ló ti ń fojú sọ́nà. Bàbá fo gbogbo wọn, ó gbé ẹ́ńjìnnì náà fún ọkọ Rodiat, ará òkè tí kò mọ̀ ju kó lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ lọ. Àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ títí ó fi sú wọn. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá sọ fún Adéòjó lọ́jọ́ náà, ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ yìí, ìròyìn ti rìn láti ẹnu àwọn ẹlẹ́ja dé etí Bàbá Ẹ̀pẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ń jó. Ìyẹn ló fi ránṣẹ́. "Ẹ ní kó gbé ẹ́ńjìnnì mi wá sílé fún mi." Adéòjó gbọ́ "ẹ́ńjìnnì mi" yẹn. Kò sí ohun tí èèyàn máa túmọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oríyọmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Industrial Estate, pé kó bá òun wo ibi tí wọ́n bá ti ń gba èèyàn. Oríyọmí ní kò le, wọ́n ń wá ẹni tí á máa di páálí, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ á sì máa wá gbé e. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ lẹ́yìn tí Adéòjó ti mọ bí ọ̀sà ṣe ń rí kí oòrùn tó là, inú rẹ̀ bàjẹ́ sí i débi pé kò lè dúpẹ́ dáadáa lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Festus ti gbìyànjú tiẹ̀. Mẹkáníìkì àwọn ọlọ́kọ̀ ni Festus ní èbúté. Ó fi wáyà gún ihò ìtọ̀, ihò náà mọ́. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó yọ irin róbótó kan tó máa ń sé omi mọ́nú títí ara ẹ́ńjìnnì á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní ìlú òtútù ni wọ́n ti ń lo irú ẹ̀, ó sì jù ú sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbóná. Ó wá kù kó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè wo pọ́ǹpù tó ń fa omi, ṣùgbọ́n omi ọ̀sà ti jẹ àwọn nọ́ọ̀tì ibẹ̀ mọ́ra, kò sí èyí tó mì. Festus gbé sípánà sílẹ̀. Ó ní tí òun bá fi agbára yí i, á kán sínú, á sì di ọ̀ràn sí òun lọ́rùn. Ìmọ̀ràn tó gba Adéòjó ni pé ẹ́ńjìnnì náà ti darúgbó, kó jẹ́ kó sinmi.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, ilé tí wọ́n ń gbé ní Lasunwon, ní Ìkòròdú, náà kò tòrò. Rodiat àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Agnes, tí yàrá wọn kọjú síra, ti ń bára wọn yodì. Kànrìnkàn ló dá a sílẹ̀. Rodiat máa ń ra kànrìnkàn ńlá, á so ó kọ́ sínú balùwẹ̀, kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀ á ti tín-ín-rín. Ta ló tún ń lo balùwẹ̀ náà bí kò ṣe Agnes? Rodiat sọ ọ́ sí i lójú, Agnes sì dá a lóhùn pé òun tí òun ń ṣiṣẹ́, tí òun ń gba owó oṣù, kí lòun fẹ́ fi kànrìnkàn onírùngbọ̀n ẹlòmíràn ṣe. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kí ara wọn. Adéòjó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, òun náà máa ń já díẹ̀ níbẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, nínú kànrìnkàn ilé ara rẹ̀ sì ni, kò rò pé ìyẹn ni wọ́n ń wí. Àwọn ọkùnrin gbọ́n ní irú ibi báyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ yìí gan-an, ó já èyí tó pọ̀, ó lọ fi wẹ ẹ́ńjìnnì náà bí kò ṣe wẹ̀ ẹ́ rí, kí àna rẹ̀ má lọ sọ pé ìdọ̀tí ló bà á jẹ́.

Ẹ́ńjìnnì tí ó wẹ̀ tó báyẹn ló wá dákẹ́ láàárín ọ̀sà pẹ̀lú àwọn obìnrin. Wọ́n dúró kó tutù. Ó tún fa okùn, ó jẹ́. Wọ́n rọra rìn díẹ̀, wọ́n tún dúró. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń ti ara wọn dé Ẹ̀pẹ́ nígbà tí oòrùn ti ga, tí àwọn ẹja tó dára jù ti tà tán. Ìyá Lateefat sọ̀ kalẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn.

Ilé Bàbá Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sómi. Adéòjó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Bàbá ní kó dìde, pé òun ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà kó tó yọ, ó ń wúkọ́. Kò béèrè ọmọ, kò béèrè ìyàwó. Ó kàn ní kí àwọn gbé e wálẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé e kọ́ sára ọ̀pá igi tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀mù omi, níbi tí bàbá ti máa ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe láyé ìgbà tirẹ̀. Ó fi ìka kan ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó wo ìka náà. "Ó mọ́," ló wí. Adéòjó kò mọ̀ bóyá ìyìn ni àbí ẹ̀gàn.

Bàbá fa okùn. Ẹ́ńjìnnì jẹ́, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó tètè fà á padà nítorí omi náà gbóná. Ó béèrè ohun tí Festus ti ṣe, Adéòjó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: wáyà tó fi gún ihò, orí tó tú, irin róbótó tó yọ, nọ́ọ̀tì tó kọ̀. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì.

"A jẹ́ pé ọ̀nà òkè là," ni ó wí. "Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Kò rí omi mu, kí ló máa tọ̀? Ẹsẹ̀ ẹ̀ la máa tú."

Adéòjó rán an létí pé nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ti dì. Bàbá ní òun mọ̀, pé òun lòun fi wọ́n síbẹ̀. Ó po kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ó rọra ń kán an sí ìdí àwọn nọ́ọ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun ti irin kan bọ iná èédú tí wọ́n fi ń yan ẹja níwájú ilé. Nígbà tó pọ́n, ó gbé e lé orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, epo tó wà níbẹ̀ ń dún ṣìì, ó sì ń fi òòlù kékeré kàn án pẹ́kẹ́, pẹ́kẹ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé olókùnrùn. Lẹ́yìn náà ni ó tún kán epo sí i, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ kírun Àílà, ó ní kí Adéòjó má fọwọ́ kàn án.

Ìyá Rodiat gbé ẹ̀bà àti ẹja tútù wá fún àna rẹ̀. Ẹja náà dára, ọ̀bọ̀kún ni, ṣùgbọ́n Adéòjó kò bu òkèlè kankan. Ó jókòó ti oúnjẹ, ó ń wo ẹ́ńjìnnì. Ó ń rò ó pé bí nọ́ọ̀tì kan bá kán, bàbá á ní òun ló bà á jẹ́, òun á sì padà sí Ìkòròdú nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, òun á lọ máa di páálí. Bí wọn ò bá sì kán, tí wọ́n tún un ṣe, ta ló sọ pé wọ́n á gbé e fún òun padà? Lọ́nà méjèèjì, kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà fi dáa.

Bàbá dé láti mọ́sálásí, ó mú sípánà. Kò fi agbára yí i. Ó tì í síwájú díẹ̀, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó tún tì í. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ dún kí-rí-kí, ó sì yí. Adéòjó mí kanlẹ̀. Èkejì yí. Ẹ̀kẹta kọ̀, bàbá tún gbé irin gbígbóná lé e, ó tún kàn án, ó sì yí nígbẹ̀yìn. Èyí tó kù tẹ̀lé e bí ẹni pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì já bọ́ sọ́wọ́ Adéòjó, ó sì gbá a mọ́ra.

Wọ́n tú ilé pọ́ǹpù. Rọ́bà kan ló wà nínú rẹ̀ tó ní apá yíká bíi ti fáànù. Òun ló máa ń yí tó fi ń fa omi sókè. Wọn ò rí rọ́bà náà rárá. Ohun kan bí irun ló bò ó, tó wé mọ́ ọ̀pá, tó dí gbogbo ọ̀nà omi. Bàbá fi ìka fa fọ́nrán kan, fọ́nrán náà gùn. Ó fa òmíràn, ìdì kan bá a jáde. Ó yí ẹsẹ̀ náà padà, ó wo ojú asẹ́ tí omi ń gbà wọlé, ó tún fa ìdì mìíràn níbẹ̀. Ó ń kó wọn jọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń ga sí i. Ó ní òun ti rí ọ̀rá nínú pọ́ǹpù, òun ti rí iyanrìn, òun ti rí okùn àwọ̀n, ṣùgbọ́n irú èyí, òun ò rí i rí. Ó mú díẹ̀, ó gbé e símú.

"Ọṣẹ dúdú," ló wí.

Adéòjó ti mọ̀ kó tó gbé e símú. Ó rántí bó ṣe máa ń ha ojú asẹ́ yẹn gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń dì sí jù, bí kànrìnkàn ṣe ń já mọ́ ọn lọ́wọ́, tí á sì tún mú òmíràn. Ó rántí pé gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì náà bá gbóná ni òun máa ń wẹ̀ ẹ́ sí i. Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú bàbá ti wà lára rẹ̀, ó sì rò ó pé bí wọ́n bá máa gba ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n gbà á lórí ohun tí òun ṣe gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú omi àti epo tó wà nílẹ̀.

"Bàbá, kànrìnkàn mi ni. Èmi ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni."

Bàbá Ẹ̀pẹ́ wo òkìtì kànrìnkàn, ó wo àna rẹ̀ tó nà sílẹ̀, ó wá wo ẹ́ńjìnnì tó ń dán lókè dúrọ́ọ̀mù. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Adéòjó rò pé inú ń bí i ni, àfi ìgbà tó gbọ́ ohùn. Ẹ̀rín ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó di ìbàdí rẹ̀ tó ń dùn ún mú, ó ní kí ìyàwó òun wá wo ohun tí àna rẹ̀ ṣe, pé ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní kànrìnkàn jẹ. Ìyá Rodiat dé, ó wò ó, ó fi ìborùn bo ẹnu, kò fẹ́ kí àna rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò lè pa á mọ́ra.

Nígbà tó sinmi, bàbá ní kó dìde. Ó nu ojú rẹ̀.

"Wọ́n sọ fún mi pé o ò mọyì ẹ̀," ló wí. "Wọ́n ní o máa ń dà á bí ẹran, o kì í wò ó. Mo ti gbà wọ́n gbọ́. Mo ti fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ lónìí, kò sírọ́ níbẹ̀." Ó tún wo ẹ́ńjìnnì náà. "Èmi tí mo fi jẹun títí mo fi darúgbó, mi ò fi ọṣẹ kàn án lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó yá, mú sípánà yẹn, ká tún ẹ́ńjìnnì ẹ ṣe kí ilẹ̀ má ṣú bá ẹ."

Adéòjó gbọ́ ọ dáadáa. Ó mú sípánà.

Rọ́bà ti inú pọ́ǹpù náà ti gbó, apá rẹ̀ ti tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Bàbá ní òmíràn nínú agolo mílíìkì kan, ó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ó lè rọra wọlé, nǹkan tó ń yọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi pa á lára, bàbá sì ní kí Adéòjó mú ọṣẹ dúdú rẹ̀ wá láti inú ọkọ̀, ibí nìkan ni ó ti wúlò. Ó fi bó ṣe ń yí ọ̀pá hàn án, apá ibi tí yóò máa yí sí, kí apá rọ́bà náà lè tẹ̀ síbi tó yẹ. Nígbà tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ padà sókè, ó ní kí Adéòjó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó kí páìpù omi wọ ihò rẹ̀ gẹ́rẹ́, torí bí kò bá wọ̀ ọ́, gbogbo làálàá àwọn á di asán. Páìpù kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún un ṣe, ó gbọ́ bó ṣe wọlé, ó ní kí bàbá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n fi gíríìsì pa gbogbo nọ́ọ̀tì kí wọ́n tó dì í.

"Fà á," ni bàbá wí.

Adéòjó fa okùn. Ẹ́ńjìnnì jẹ́. Kò sí nǹkan kan níhò náà ná. Omi díẹ̀ ta jáde, ó dá dúró, ó tún ta. Lẹ́yìn náà ló ya jáde, ó ga, ó le, ó fo ẹnu dúrọ́ọ̀mù kọjá, ó bá adìẹ kan tó ń jẹ̀ lọ́nà, adìẹ náà sì sá pẹ̀lú ariwo. Bàbá ní kó fọwọ́ kàn án. Adéòjó na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ó gbé ọwọ́ náà lé orí ẹ́ńjìnnì, ó fi í síbẹ̀, kò jó o. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì tutù. Wọ́n tún gbé oúnjẹ rẹ̀ wá. Ó jẹ ẹ́ tán, ó jẹ orí ẹja náà pẹ̀lú.

Kó tó lọ, bàbá ní àkísà lásán ni kó máa fi nù ún, kó sì máa fún un ní omi tó mọ́ mu nínú dúrọ́ọ̀mù bó bá ti ń ti ọ̀sà dé, kí iyọ̀ inú omi má bàa jẹ ẹ́ nínú. Ó ní kí Festus dá irin róbótó tó yọ padà síbi tó ti yọ ọ́, pé ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì kò ya wèrè tó fi fi í síbẹ̀. Ìyá Rodiat sì di ẹja fún un láti gbé lọ fún ọmọ rẹ̀.

Ní etí omi, Ìyá Lateefat àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ mìíràn, ẹja wọn ti wà nínú rẹ̀. Adéòjó kò bẹ̀ wọ́n. Ó kàn fa okùn, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá Lateefat wo ihò ìtọ̀ náà láti ibi tó jókòó. Ó wò ó pẹ́. Ó sọ fún ọlọ́kọ̀ kejì pé kó má bínú, ó dìde, ó ní kí wọ́n bá òun gbé agbọ̀n òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò, gbogbo ìgbà ló ń bojú wẹ̀yìn wò ó bóyá ó ṣì ń tọ̀. Kí wọ́n tó dé àárín ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti dúró láàárọ̀, ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Adéòjó wò ó, ó sì dùn mọ́ ọn ju bí ẹni pé wọ́n yìn ín lọ.

Ó dé Lasunwon kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀ǹgàríbì. Rodiat ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, Ẹwàolúwa ọmọ wọn lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ti rò pé ọwọ́ lásán ni ọkọ òun máa dé. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì wà ní èbúté, pé bàbá òun pè é ní ẹ́ńjìnnì Adéòjó, ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀ tọmọtọmọ, ó ní "Alihamudulilai" léraléra. Ó wá béèrè ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì gan-an. Adéòjó wo ilẹ̀. Lórí ọ̀sà, ó ti múra bó ṣe máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n níbí, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ó kàn sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọwọ́ Rodiat kúrò lára rẹ̀. "Kànrìnkàn wo?"

Ó sọ ọ́ fún un. Rodiat yíjú sí ilẹ̀kùn Agnes tó wà níwájú wọn, ó wò ó. Adéòjó rí i pé ojú ń ti ìyàwó òun, ojú sì ti òun náà gan-an, ju bó ṣe tì í níwájú àna rẹ̀ lọ, torí ó ti gbọ́ ìjà náà, ó sì ti gbẹ́nu dákẹ́. Rodiat kò bá a jà. Ó yan ọ̀bọ̀kún tó tóbi jù nínú ẹja tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́, ó gbé e sínú abọ́, ó ní kó máa bọ̀.

Agnes ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ ilé iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Rodiat kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹja. Ó ní kó dárí ji òun, pé òun fi ẹ̀sùn èké kàn án, pé ẹni tó ń já kànrìnkàn nìyí lẹ́yìn òun. Adéòjó dọ̀bálẹ̀, ìgbà kẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì ṣàlàyé: ọṣẹ dúdú, asẹ́, pọ́ǹpù. Agnes gbọ́ ọ tán láìyí ojú padà. Ó wo Rodiat, ó wo ẹja, ó wo Adéòjó.

"Ẹ́ńjìnnì lẹ fi kànrìnkàn wẹ̀, Bàbá Ẹwà?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Agnes wọlé. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń tú nǹkan nínú yàrá. Nígbà tó jáde, kànrìnkàn tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó tóbi, tí wọn ò tíì tú okùn rẹ̀. Ó gbé e lé Adéòjó lọ́wọ́.

"Ẹ gba tèmi," ló wí. "Ẹ fi wẹ ara yín."

Rodiat ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Agnes gbìyànjú láti fajú ro, kò rí i ṣe. Ó na ọwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fà á dìde, ó sì gba abọ́ ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀.